Má tíì dá aago náà padà, sátẹ́láìtì ni kò tíì rí

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ra Forerunner 55 tuntun, aago eré sísá ti Garmin, o sá 5 kìlómítà ní Surulere lálẹ́, aago kà á sí 4.6, nígbà tí o sì wo máàpù, ìlà náà ń gba inú ilé onílé kọjá. Ẹni tó tà á fún ọ ní GPS rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí o wà, ti bàjẹ́, kí o fowó kún un kí o gba èyí tó jù ú lọ. Má fi kọ́bọ̀ kún un! Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá padà lọ bá wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn gbé aago náà jáde síta gbangba wò.

Ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ṣáájì rẹ̀ kó kún, gbé áàpù Garmin Connect sórí fóònù, ṣí àkáǹtì, kí o so aago àti fóònù pọ̀ láti inú áàpù náà. Inú áàpù o, kì í ṣe ibi Bluetooth nínú Settings. Bó o bá ti so ó níbẹ̀, tẹ Forget kí o tún un ṣe. Lórí Android, gbà fún áàpù náà kó lo location, kí o sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa láti fi dáàbò bo bátìrì. Ọjọ́ orí, ìwúwo, gíga, ọwọ́ tí o ń so aago sí, ìyẹn ò le.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Kí aago tó mọ ibi tó wà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà, sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ka lẹ́tà sókè fún ẹni tó wà lódìkejì odò. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ló fi ń ka apá tó kan òun fúnra rẹ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ bá já lágbedeméjì nítorí pé o wọ abẹ́ igi tàbí abẹ́ afárá, àfi kí aago dúró dìgbà tó bá tún un kà. Àkójọ ibi tí gbogbo àwọn yòókù wà ń gba ìṣẹ́jú 12 àbọ̀. Aago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó ṣì rò pé òun wà níbi tí wọ́n ti tàn án kẹ́yìn lókè òkun.

Ìwọ wá tẹ START, o yan Run, o rí i pé ó ṣì ń wá GPS, sùúrù tán, o tún tẹ START, o gbéra. Aago ò ní bá ọ jà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, á sì máa fi bí apá rẹ ṣe ń fì méfò bí o ṣe lọ jìnnà tó. Kò sì tíì mọ bí ìṣísẹ̀ rẹ ṣe gùn tó! Ó ṣeé ṣe dáadáa pé ibẹ̀ ni 400 mítà rẹ lọ.

Nítorí náà, nílé, tan dátà, ṣí áàpù, jẹ́ kí sync, ìyẹn gbígbé ìsọfúnni láàárín fóònù àti aago, parí pátápátá. Àsìkò yẹn ni fóònù ń kó àsọtẹ́lẹ̀ ibi tí àwọn sátẹ́láìtì máa wà láwọn ọjọ́ tó ń bọ̀ sínú aago. Tó bá ní in, kì í pẹ́ rí wọn. Bí o bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láì sync, àsọtẹ́lẹ̀ yẹn kò wúlò mọ́, o tún padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn sync, bọ́ síbi tí ojú ọ̀run ti là, kì í ṣe abẹ́ páánù ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe àárín ilé alájà méjì. Tẹ START lẹ́ẹ̀kan, yan Run, dúró sójú kan. Dúró ni mo wí, má sá yí ká. Tí ìlà ojú aago bá di àwọ̀ ewé, tún fún un ní ìṣẹ́jú kan sí i, torí sátẹ́láìtì mẹ́rin péré ti tó fún un láti ní òun ti ṣe tán, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ sàn jù ú lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún un ní ìṣẹ́jú 15. Tó bá fẹ́ sùn, tẹ bọ́tìnì kó má sùn.

Ti ilé onílé: ohùn sátẹ́láìtì, ìgbì rédíò ni o, kì í ṣe ohùn tí etí ń gbọ́, ló ń gbá lára ògiri kó tó dé ọwọ́ rẹ. Àkókò ni aago fi ń wọn ọ̀nà, ohùn náà sì ń rin 300 mítà nínú ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bó ti wù kó yà bàrá mọ, ó hàn lórí máàpù. Nínú ètò Run, wá GPS, kí o yan GPS + GALILEO, kó lè máa gbọ́ sátẹ́láìtì ti àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú. Bátìrì á dín díẹ̀ sí wákàtí 20 tí wọ́n kọ sára páálí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí o bá rí UltraTrac, má yàn án, bátìrì nìkan ló ń tọ́jú. Ní System, gbé Data Recording sí Every Second. Pa Auto Pause: lábẹ́ igi, aago lè rò pé o ti dúró, á dá kíkà dúró, ìwọ ń sá lọ.

O tún ní alẹ́ ni. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, lẹ́yìn tí oòrùn bá sì wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ìpele òkè tí wọ́n ń pè ní ionosphere máa ń dàrú lórí wa, ohùn sátẹ́láìtì á wá máa ṣẹ́jú. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìdájí ni kí o fi dán an wò.

Ìlù ọkàn ńkọ́? So aago ní ìwọ̀n ìka kan sókè eegun ọrùn-ọwọ́, kó fún díẹ̀. Tó bá ń sọ pé ọkàn rẹ ń lù nígbà 175 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó o ṣì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ìṣísẹ̀ rẹ ló ń kà. Àwọn tó ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti fi mọ ibi tí ìlù ọkàn gbogbo èèyàn lè ga dé kàn ń tan ara wọn ni. Tó o bá sì lọ sá Lagos City Marathon, tí aago ka ju kìlómítà 42.195 lọ kó o tó dé òpin eré ní Eko Atlantic, má bá àwọn olùṣètò jà: ojú ọ̀nà tó kúrú jù ni wọ́n fi ń wọn eré, ìwọ sì ń yà síbi omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òógùn sílẹ̀ lẹ́yìn aago kẹ́ ẹ tó so wáyà mọ́ ọn. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Iná àti iyọ̀ ló ń jẹ irin kéékèèké mẹ́rin yẹn.

Ta ló tiẹ̀ wọn 5 kìlómítà rẹ? Tó bá jẹ́ òǹkà ìrìn tó wà lójú ọ̀kadà ni, gbàgbé ẹ̀. Fi Measure distance inú Google Maps wọn òpópónà tó tọ́, sá a lọ sá a bọ̀. Má lo pápá 400 mítà, GPS máa ń gé kọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣì ń dín ju 100 mítà lọ nínú 5 kìlómítà lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà yẹn ni kó o gbé e padà, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ.