Ìkókó tó ń rá ló ni báàgì náà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tó ń gbé ní Ògo-Olúwa ní kí n wá bá àwọn tọ́jú ọmọ ní Sátidé tó ń bọ̀, torí òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ síbi òkú kan ní Iléṣà. Wọ́n ní kí n dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn á sì ti padà kílẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òde wa. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n: ọkùnrin ọlọ́dún méje, obìnrin ọlọ́dún mẹ́rin, àti ìkókó olóṣù mẹ́jọ tó ti ń rá. Mo ti pọn àbúrò rí, ṣùgbọ́n n ò tíì dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni kí n kó sínú báàgì tí ojú mi ò fi ní rí màbo? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o, Màmá.

Ìdáhùn

Ọmọ mi, inú mi dùn pé kí Sátidé tó dé lo béèrè. Àwọn tó ń pè mí látinú kẹ̀kẹ́ Marúwá, nígbà tí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ náà, ló pọ̀ jù. Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń gba ọmọ wẹ́wẹ́ tọ́jú nínú ìlú yìí, n ò sì tíì rí ẹni tí báàgì ńlá gbà sílẹ̀.

Ìkókó tó ń rá yẹn ló ni báàgì rẹ. Ohun tó o bá tìtorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà, ilẹ̀ ló máa já bọ́ sí, ìkókó ló máa kọ́kọ́ rí i, ẹnu ló sì máa gbé e lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó o bá fẹ́ kó, kọ́kọ́ fojú inú wò ó lẹ́nu ọmọ olóṣù mẹ́jọ. Mú páálí róbótó tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Ohun tó bá ti lè gba inú ihò yẹn kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Ọmọ ayò ò bá ọ lọ nìyẹn, àti ìlẹ̀kẹ̀, àti owó wẹ́wẹ́, àti ìdérí bíírò. Bàlúùnù náà ò lọ; tó bá bẹ́, awẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun pinpin. Èyí tí mo wá kórìíra jù ni ohun ìṣeré tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó wẹ́wẹ́. Bọ́mọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè ti jó ẹran ibẹ̀.

Kó o tó náwó, pe ìyá wọn. Páńpásì, wáìpù, póò, oúnjẹ: ilé wọn ni gbogbo ìyẹn yẹ kó wà, ìwọ kọ́ lo máa rà á. Bi í léèrè ibi tí wọ́n wà àti iye tó kù. Bi í léèrè ìgbà tí ìkókó máa ń sùn, ohun tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́, oúnjẹ tí kì í bá èyíkéyìí nínú wọn lára mu, àti bóyá ọ̀kan nínú wọn ní ásímà tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Má tijú. Ìyá tó bínú nítorí irú ìbéèrè yìí ò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ. Gba nọ́ńbà aládùúgbò tó ní mọ́tò, kó o sì mọ ilé ìwòsàn tí káàdì àwọn ọmọ wà, bóyá Aṣùbíàrò ni tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọ̀ṣun. Inú ìwé ni kó o kọ gbogbo rẹ̀ sí o, má kọ ọ́ sínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ lè kú. Kọ 112 sí i, nọ́ńbà pàjáwìrì ni, wọn kì í gba owó ìpè. Ṣùgbọ́n mọ́tò aládùúgbò ni kó o kọ sókè pátápátá.

Ó wá ku báàgì. Mú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní síìpù. Ọ̀já àti ìró ìpọnmọ ni kó o kọ́kọ́ fi sí i. Má ní tiwọn á wà nílé, ó lè jẹ́ pé inú omi ni ìyá rẹ̀ rẹ ẹ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ìkókó bá ti wà lẹ́yìn rẹ, ọwọ́ rẹ méjèèjì ti dòmìnira, òun náà sì lè sùn. Rí i pé nǹkan ò bo imú rẹ̀, má sì gbé e sẹ́yìn dín ohunkóhun nínú òróró gbígbóná. Bó bá sùn, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀já, mú bùláòsì kan dání fún ara rẹ, torí ó dájú pé á pọ̀ sí ọ lára. Ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì kékeré, ọ̀rá fún páńpásì tó ti dọ̀tí, àti tọ́ọ̀ṣì. Àbẹ́là ò bá ọ lọ rárá, ì báà jẹ́ pé iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ Tọ́sìdeè.

Ti eré ló dùn mọ́ mi jù, jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Má ra nǹkan kan fún ìkókó. Ife oníke méjì, ṣíbí onígi kan àti ìbòrí rẹ tó o máa fi bá a ṣe bojúbojú ti tó o. Fún àwọn méjì tó kù, ra kiréyọ̀n títóbi, mẹ́jọ péré, kó o sì lọ bá àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì kí wọ́n fún ọ ní ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ bà jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun kedere, ọ̀fẹ́ ni. Páálí bisikíìtì ńlá kan lè di mọ́tò, ó lè di ilé, ọlọ́dún méje á sì fi ṣe nǹkan tí ìwọ gan-an ò ronú kàn.

Ṣùgbọ́n ìlú aró la wà, ẹ jẹ́ ká lo ohun tí ìlú fún wa. Ṣé o ti rí àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ? Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè mú un. Ìdajì iṣẹ́ yẹn ni kó o gbé lọ. Ro láfún díẹ̀ nílé kó ki, jẹ́ kó tutù, bù ú sínú abọ́ tó ní ìdérí. Fi ọṣẹ fọ ìyẹ́ méjì, sá a gbẹ. Wá aṣọ dúdú tó ti gbó, yúnífọ́ọ̀mù àtijọ́ dáa gan-an, gé e sí méjì. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa fi ìyẹ́ kọ ẹja, alángbá, ohun tó bá wù wọ́n. Funfun á yọ lórí dúdú. Tó bá gbẹ, wọ́n á rún aṣọ náà lọ́wọ́ kí ẹ̀kọ lè sán wẹ́wẹ́, ariwo ẹ̀rín ibẹ̀ a máa pọ̀. Má tọrọ ẹ̀kọ lọ́wọ́ aláró o. Wọ́n máa ń po álọ́ọ̀mù àti èròjà mìíràn mọ́ tiwọn, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan ọmọ lẹ́nu. Ìgbà tí ìkókó bá sùn nìkan ni ìyẹ́ adìẹ máa jáde, orí tábìlì ló sì máa wà. Àwọn kan máa ń po fúláwà mọ́ iyọ̀ tó pọ̀ fún ọmọ láti fi mọ nǹkan. N kì í gbé e lọ síbi tí ìkókó wà, iyọ̀ yẹn pọ̀ jù fún inú rẹ̀.

Má ṣí gbogbo báàgì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá kó o sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ní aago mẹ́sàn-án wọ́n á bi ọ́ pé kí ló kù. Kiréyọ̀n láàárọ̀, ẹ̀kọ àti ìyẹ́ lọ́sàn-án, páálí nírọ̀lẹ́. Àlọ́ ò gba àyè nínú báàgì, fi í pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè ìyá wọn. Ti fóònù, àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ wò ó rárá, kí ti ọlọ́dún mẹ́rin má sì kọjá wákàtí kan lóòjọ́. Èmi fúnra mi ò sọ pé o ò ní fọwọ́ kàn án ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá ń rọ̀.

Má gbé oúnjẹ lọ. Bó bá jẹ́ dandan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀pà, gúgúrú, súwíìtì líle àti àgbálùmọ̀ pẹ̀lú kóró rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọlé, oyin ò sì gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan. Bí ìyá bá fún omi ọmú sílẹ̀, inú fìríìjì ni kó wà. Bí ò sí iná, kó wà nínú kúlà tó ní yìnyín. Níta, wákàtí mẹ́rin ni òpin rẹ̀, nínú ooru tiwa yìí, má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ wàrà agolo ni, èyí tó ṣẹ́kù nínú fídà lẹ́yìn wákàtí kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, dà á nù.

Oògùn ńkọ́? Má gbé ìkankan, títí kan parasitamọ́ọ̀lù tìrẹ. Tẹmómítà, plástà àti ORS ẹyọ kan, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ti tó. Bí tẹmómítà bá ka 38, pe ìyá wọn, kí ó sọ ohun tí wọ́n máa lò. Lítà omi kan ni wọ́n ń po ORS kan mọ́, ìyẹn píọ́ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Bí nǹkan bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Má fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bó bá mu kẹrosíìnì, má fún un ní epo pupa, má mú kó bì, ilé ìwòsàn ni. Bí nǹkan bá há ìkókó lọ́fun tí ò lè sunkún, dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá rẹ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún; bí ò bá jáde, yí i padà, fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó o sì tún bẹ̀rẹ̀. Má kàn fi ìka wá nǹkan tí o ò rí lẹ́nu rẹ̀.

Báàgì tìrẹ gan-an lè pa ọmọ lára. Tú gbogbo rẹ̀ dà sórí ibùsùn lálẹ́ Fúráìdeè: pín-ìn-nì, yẹtí, gọ́ọ̀mù, àti káńfọ̀ tó wà nínú aṣọ tó o yọ látinú àpótí. Káńfọ̀ yẹn léwu jù bó o ṣe rò. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD ń bá jà, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ kí ojú wọn sì pọ́n. Tó o bá dé ilé wọn, ìṣó lára ògiri ni kó o gbé báàgì kọ́, má gbé e sórí àga. Lẹ́yìn náà wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní omi àti kànga tí ò ní ìdérí kó o tó jókòó.

Kọ wákàtí tí ìkókó jẹun, tó sùn, tó yàgbẹ́ sórí ìwé yẹn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí ìyá wọn bá dé láti òde, tó ní ó ti rẹ òun, fún un ní ìwé náà lọ́wọ́ síbẹ̀. Kó o sì ka kiréyọ̀n rẹ kó o tó jáde. Mẹ́jọ lo gbé wá.