Wọ́n ti yọ kókó inú ìfun ìdí bàbá mi: kí la gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ kókó kan nínú ìfun ìdí bàbá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní ó tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n gé e. Ara bàbá ti yá. Wọ́n fẹ́ lọ síbi òkú kan ní Ṣakí lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí n ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kí ibẹ̀ lè mọ́ dáadáa. Wọ́n ń lo aspirin nítorí ọkàn. Kí la lè ṣe kí wàhálà má yọjú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi Ṣakí sílẹ̀ ná. Owó aṣọ ẹbí ni kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ara yíyá yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ojú ibi tí wọ́n gé máa ń ní èépá, bíi ti egbò orúnkún ọmọdé. Èépá yìí lè bọ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 14, bí abẹ́ rẹ̀ kò bá sì tíì jiná, ẹ̀jẹ̀ á ya. Bí kókó bá ṣe tóbi tó ni ewu yìí ṣe ń pọ̀ tó, ti bàbá yín ò sì kéré. Kí wọ́n wà nítòsí ilé ìwòsàn títí ọ̀sẹ̀ 2 yóò fi pé.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Rárá o. Wọ́n ti fọ ìfun wọn kí kámẹ́rà tó wọlé. Ìgbẹ́ gbuuru kò ní wo egbò, yóò kàn gbẹ omi ara wọn ni, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí pò. Kókó tí wọ́n yọ kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ohun yòówù tí ìyá alágbo ìbáà sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ti nǹkan kan bọ̀ wọ́n nídìí.

Aspirin ọkàn, ẹ má dá a dúró fúnra yín: ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọkàn burú ju ẹ̀jẹ̀ ìdí lọ. Ẹ pe dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni èyí tí wọ́n ń fi kún un láìsọ: ibuprofen, diclofenac, àti Alabukun, tí aspirin wà nínú rẹ̀. Bí ara bá ń ro wọ́n, paracetamol ni kí ẹ fún wọn.

Ìgbẹ́ wọn gbọ́dọ̀ rọ̀. Omi, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́. Bí kò bá tó, ẹ béèrè lactulose. Kí wọ́n má fi agbára yàgbẹ́, kí wọ́n má sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi.

Ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín lára ìgbẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà léraléra, tàbí tó ń jáde ní dídì, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, bí ibà bá mú wọn, tàbí tí inú bá ń ro wọ́n tó sì le gbandi, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ dání.

Ohun kan tí ẹ ò bi mí: níbo ni èsì àyẹ̀wò kókó náà wà? Ẹ lọ gbà á. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gé e, àwa a sábà máa ń tún fi kámẹ́rà wo ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, bí èsì náà kò bá tiẹ̀ fi àrùn jẹjẹrẹ hàn.