Lẹ́tà sí mínísítà nítorí owó ìrànwọ́

Àǹtí tó ń béèrè láti Ìgbọ̀nà bóyá kí wọ́n kọ̀wé sí mínísítà l'Ábùjá torí owó ìrànwọ́ tí kò wọlé, ẹ gbé bírò sílẹ̀ ná. Mínísítà kọ́ ló ń fi owó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbé ètò kalẹ̀, kó gbèjà bọ́jẹ́ẹ̀tì níwájú àwọn aṣòfin, kó sì máa bojú tó àwọn àjọ abẹ́ rẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, òun ni NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, wà lábẹ́ rẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ọ̀tọ̀, 2019 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀.

N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ nígbà náà, lèmi ṣe, ₦30,000 lóṣù. Owó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wọlé, tèmi ò wọlé. "H" kan ló wà nínú orúkọ mi lórí BVN tí kò sí lórí NIN. "H" lásán o! Báńkì mi ní kí n lọ tún NIN ṣe. Àwọn tí mo bá nídìí NIN sọ pé báńkì ló jẹ̀bi. Mo wá gba ọ́fíìsì kan lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ń bó ẹ̀pà sórí fáìlì, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Nẹ́tíwọọ̀kì ò sí, ẹ padà wá lọ́la." Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní ó ti lọ ìsinmi. Ẹnìkan wá ń fọgbọ́n sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé tí n bá lè "ṣe dáadáa", á yá. Inú ṣì ń bí mi! Ìwé ìbúra láti kóòtù ni báńkì padà gbà. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n, fọ́tò, fọ́ọ̀mù, gbogbo ìyẹn.

Ẹ má sanwó fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni o, ẹ má sì tẹ líǹkì WhatsApp kankan, BVN yín ni wọ́n ń wá. Tó bá jẹ́ ìwé orúkọ àwọn aláìní lẹ fẹ́ wọ̀, àdúgbò ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń dárúkọ ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún. Ẹ bi baálẹ̀ yín àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe Ábùjá.

Ní January 2024, Ààrẹ Tinubu ní kí mínísítà ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ìgbà náà lọ rọ́kún nílé ná, wọ́n sì dá àwọn ètò ìrànwọ́ ọ̀hún dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́tà tí èèyàn bá ti kọ sí i ní December ńkọ́, ta ló fẹ́ kà á?

Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ kọ ọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò níwájú wọn.