Dáínámò fún Kẹ̀kẹ́ Tó Ṣeé Ká

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká, onítáyà íǹṣì 16, ni mo fi ń ti Ọjà Ọba lọ sílé lálẹ́. Ṣé dáínámò inú họ́ọ̀bù (ẹ̀rọ tó wà láàárín táyà, tó ń mú iná mànàmáná wá bí táyà ti ń yí) lè tan iná, kí ó sì ṣáájì fóònù? — Òǹkàwé, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòtì 6 àti wáàtì 3 ni irú dáínámò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú wá, èyí tí ó tó fún iná LED iwájú àti ẹ̀yìn; àmọ́ fóònù ní tirẹ̀ nílò ẹ̀rọ tí yóò sọ iná náà di fóòtì 5 tí kì í yí padà. Níwọ̀n bí táyà kékeré ti ń yí kánkán ju ńlá lọ, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn fọ́ọ̀kì iwájú (apá méjì tó di táyà iwájú mú), kí ó lè bá a mu. Wáyà gan-an ni wàhálà: ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀ níbi tí férémù ti ń ká, kí ó má baà já. Páwà báǹkì ni èmi yóò kọ́kọ́ ṣáájì, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró, iná dáínámò dúró nìyẹn.