Nídìí òfì, ọkàn mi kì í rìn. Nídìí ìwé, kì í dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aṣọ òfì ni mò ń hun ní agboolé wa ní Pàkátà, n'Ílọrin. Mo fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀. Nídìí òfì, mo lè lo wákàtí 3 láì gbójú sókè. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ìwé lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, ìṣẹ́jú 10 kì í pé tí ọkàn mi á ti lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kàwé, mo sì máa ń jẹ obì kí n má baà sùn. Ṣé olódo ni mí ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má pe ara rẹ ní olódo mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí o kọ. Orí tó ń ṣọ́ òwú fún wákàtí 3 kí fọ́nrán kan má baà já, orí pípé ni.

Wo ìdí òfì rẹ dáadáa. Ojú kan náà lo ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ọwọ́ kan ń ju ọ̀kọ̀, èkejì ń gbà á, ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Bí fóònù bá dún, ọwọ́ wo lo fẹ́ fi gbé e? Kí o tó jókòó tán ni ara ti mọ iṣẹ́ tó kàn. Bẹ́ẹ̀dì náà ti kọ́ ara rẹ níṣẹ́ tirẹ̀, oorun sì ni.

Tọ́ọ̀ṣì yẹn ló burú jù. Ojú àtùpà rẹ náà ni WhatsApp ń gbà wọlé. Bí o bá ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí o padà sínú ìwé, ojú nìkan ló padà. Apá kan ọkàn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ra làǹtánì sólà kékeré, kí fóònù lọ máa sùn ní yàrá ìyá rẹ.

Obì ńkọ́? Káfíìnì wà nínú rẹ̀ bíi ti kọfí, ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Èyí tí o jẹ ní aago 10 alẹ́ ṣì ń bá oorun rẹ jà ní aago 3 òru. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, ara á wúwo, gbogbo nǹkan á sú ọ, wàá ní orí rẹ ni kò pé.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, má padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹní síbi kan náà lójúde, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú wàláà nílé kéwú, kí o fi ìṣẹ́jú 30 péré kàwé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń jẹ́ kí ara mọ ìgbà tí oorun yóò kùn ún lálẹ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ọkàn á ṣì máa rìn. Mú un padà bí o ti ń so òwú tó já. Kí o sì bẹ ìyá rẹ kí wọ́n má tíì rán ọ níṣẹ́ lásìkò yẹn.