Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ náà kí ẹ tó béèrè iye owó rẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ ti tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ ìfún-èso àkọ́kọ́ sínú ilé yín, pé ẹ̀yin, ọmọ méjì àti ìyá ọkọ yín tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ jọ ń gbé, pé iná ìjọba kì í dúró pẹ́ ní àdúgbò yín, ẹ sì fẹ́ mọ irú èyí tí ó yẹ kí ẹ rà àti bí ẹ óò ṣe máa lò ó. Mo lè dáhùn nítorí pé mẹ́ta ni mo ti ní láti ọdún 2019, ní Ìbàdàn níbí. Èkíní jóná lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, èkejì di ohun ìgbàgbé lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀kẹta ni mo ṣì ń lò títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà ló fi èkíní ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù ọdún. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tí kò lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa, mo bá ra àdápítọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. N kò mọ̀ pé iná 120 fóltì (V) ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, pé tiwa jẹ́ 230, àti pé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan ni àdápítọ̀ ń yí padà, kì í dín agbára iná kù rárá. Kárọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni mo tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo ilé ìdáná, èéfín sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀ kí n tó rí okùn rẹ̀ fà yọ. Oníṣẹ́ iná tí mo gbé e lọ bá ní Mọ́kọlá kò tilẹ̀ tú u. Ó kàn yí ìdí rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé 120V, 60Hz, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ síbí o." Ojú tì mí ju owó tó ṣòfò lọ, torí pé owó ẹlòmíràn ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀, kí ẹ tó wo orúkọ tó wà lára páálí, ẹ yí ẹ̀rọ náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. 220–240V àti 50Hz ni ẹ fẹ́ rí (Hz ni iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà lórí èyí, nítorí pé iná tiwọn àti tiwa kò yàtọ̀, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni a sì jọ ń lò. Bí ará yín kan ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ fi ọ̀kan ta yín lọ́rẹ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Lóòótọ́, tiransifọ́mà tó ń dín iná kù wà, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ ní agbára ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ, mi ò sì rí ìdí tí ènìyàn yóò fi gbé irú àjàgà bẹ́ẹ̀ kọ́rùn nítorí ife omi ọsàn.

Ohun kejì tó wà ní ìdí ẹ̀rọ náà ni iye wáàtì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ iná àdúgbò yín ti wọlé. Èkejì tí mo rà ní Dùgbẹ̀ jẹ́ 800 wáàtì. Ẹni tó tà á fún mi ń fi agbára náà yangàn, èmi náà sì gbà pé bó bá ṣe lágbára tó ló ṣe dára tó. Nígbà tí iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń mu epo tí a pò mọ́ ọ́ìlì, tí agbára tó lè gbé kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ. Bí mo ṣe tẹ ẹ̀rọ náà ni jẹnẹrétọ̀ kùn, tí iná gbogbo ilé ṣe bàìbàì, tó sì kú. Ẹ má gbàgbé pé nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, iná tó ń fà ju iye tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà tí agbára rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹ̀rọ náà kò tíì tó. Ẹ̀kẹta tí mo ń lò báyìí jẹ́ 200 wáàtì péré, ínfátà ilé mi sì ń gbé e láìsí ariwo.

Ẹ lè máa rò ó pé báwo ni 200 ṣe lè ṣe iṣẹ́ tí 800 ń ṣe. Oríṣi ẹ̀rọ méjì tó wọ́pọ̀ lọ́jà ló fa èyí, èyí tó ń sáré, bíi 800 yẹn, àti èyí tó ń fẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́, bíi 200 yìí, ẹni tó bá sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàárì rí yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sáré ní irin pẹlẹbẹ eléyín wẹ́wẹ́ tó ń rin èso bí a ṣe ń rin gbágùúdá, asẹ́ tó yí irin náà ká sì ń bá a yí ní ìgbà 6,000 sí 14,000 ní ìṣẹ́jú kan, débi pé eré yẹn gan-an ló ń ju omi gba ojú asẹ́ jáde, tó sì ń ju èérí sínú ike tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́ kì í rin nǹkan kan. Irin oníyìípo kan wà nínú rẹ̀ tó jọ ti ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́wọ́ tí àwọn ìyá wa máa ń de mọ́ etí tábìlì, òun ló ń fa èso wọlé, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara asẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, kì í sì í sábà yí ju ìgbà 40 sí 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kan ń rin, èkejì ń fún. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ fún ewúro rí, ẹ mọ ìdí tí ewé fi ń ṣe dáadáa nínú èkejì, tó sì jẹ́ pé nínú èyí tó ń sáré, úgù àti ewúro máa ń bọ́ sínú ike ẹ̀yìn ní tútù, láì tíì fi gbogbo omi inú wọn sílẹ̀.

Èyí kò sọ ẹ̀rọ tó ń sáré di ẹ̀rọ burúkú. Owó rẹ̀ kéré sí ti èkejì, kò gba àsìkò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹnu tó fẹ̀, ó sì mọ kárọ́ọ̀tì àti ápù í rin. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ máa ń hó bí ẹmu àárọ̀, ó tètè máa ń pàwọ̀ dà nítorí afẹ́fẹ́ tó ti pò mọ́ ọn, èérí rẹ̀ máa ń tutù gan-an, ariwo rẹ̀ sì lè jí ọmọ tó sùn ní yàrá kẹta. Ti èkejì ni pé ó ń pẹ́, ẹ óò gé èso wẹ́wẹ́ fún un, iye owó rẹ̀ sì lè mú kí ènìyàn fọwọ́ bo àpò. Nítorí iná yín àti nítorí ìyá tí ẹ fẹ́ máa fún ní omi ewé, èyí tó ń fẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́ ni èmi yóò rà bí mo bá wà ní ipò yín, kódà bó jẹ́ tòkunbọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé omi ọsàn nìkan ni ọkàn yín ń fẹ́, ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ ra ìfún-ọsàn onírin tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí.

Kì í ṣe iná ló jẹ́ kí n pa ẹ̀rọ mi èkejì, 800 wáàtì yẹn, tì sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Fífọ̀ rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé lẹ́yìn ife omi èso méjì, ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà ni màá tú, tí màá fọ̀, àti pé asẹ́ náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí kàn-ìn-kàn-ìn kò lè dé inú wọn. Ní àkọ́kọ́, mo máa ń mu omi èso tán, mo máa ń jókòó, mo máa ń ní màá fọ̀ ọ́ tó bá yá. Tó bá fi máa yá, èérí ọ̀pẹ-òyìnbó ti gan mọ́ ojú asẹ́ bí sìmẹ́ńtì, èèrà sì ti gbọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mu. Mo mọ̀ pé ó dún bí àṣejù, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ni bí ó bá ṣì tutù, ogún ìṣẹ́jú ni bí ó bá ti gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un ló dára jù fún ojú asẹ́, láti ẹ̀yìn sí iwájú. Bí kárọ́ọ̀tì bá ti sọ ike rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí asẹ́ bá dí, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìdajì wákàtí yóò tú u. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú ike èérí, ẹ óò dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

Ní ti èso tí ẹ óò fi sí i, ẹ bó ọsàn dáadáa nítorí òróró inú èèpo rẹ̀ korò, ẹ sì yọ kóró rẹ̀, nítorí pé kóró tí ẹ̀rọ bá fọ́ yóò ba gbogbo ife jẹ́. Ẹ yọ kóró máńgòrò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti píà kì í ṣe èso fún ẹ̀rọ yìí, ẹran ara wọn máa ń dí asẹ́ pa ni, bùlẹ́ńdà ló ni wọ́n. Ìrèké ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi eyín jẹ ẹ́. Ohun rírọ̀ àti ohun líle ni ẹ máa tì bọ̀ ọ́ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí kárọ́ọ̀tì lè máa ti èérí ọ̀pẹ-òyìnbó lọ níwájú, kí atalẹ̀ sì má ju ìka kan lọ. Igi ìtì tí wọ́n fi pọ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ìka, kì í sì í ṣe ṣíbí. Bí ara mọ́tò bá ti gbóná, ẹ jẹ́ kó sinmi, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá yóò sọ iye ìṣẹ́jú tó lè ṣe léraléra. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé kí ẹ tó fún wọn ní omi bíìtìrúùtù, nítorí ó lè sọ ìtọ̀ di pupa. Ọmọ mi ọkùnrin fi igbe ta wá láti balùwẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ti múra ilé ìwòsàn tán kí n tó rántí ohun tó mu.

Ìyá ọkọ yín ni kí n dúró lé díẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ háhá inú èso kúrò, ṣúgà rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù sínú ife, ó sì rọrùn láti mu omi ọsàn mẹ́rin tí ènìyàn kò ní lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ṣúgà inú omi èso mọ́ irú èyí tó yẹ kí a dín kù, NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ní kí omi èso má ju mílílítà 150 lọ lóòjọ́, èyí tí kò tó ìdajì agolo mínírà. Ẹ má fún ìyá ní omi ọsàn gíréèpù (grapefruit) láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn, nítorí ó máa ń mú kí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi nifedipine, pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ béèrè ṣáájú ohun gbogbo. Omi èso kò sì rọ́pò oògùn wọn, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Ẹ fún ìwọ̀n tí ẹ óò mu tán lọ́jọ́ náà. A kì í se omi yìí kí a tó mu ún, nítorí náà ẹ fọ èso àti ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ sì gbé èyí tó bá ṣẹ́kù sínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀. Mo fi ìgò omi ọ̀pẹ-òyìnbó kan sínú fíríìjì ní ọjọ́ Ẹtì, iná lọ títí di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo sì ṣí i, ó ta dé àjà. Èérí tèmi, àwọn adìyẹ aládùúgbò mi ló ń jẹ ẹ́. Ti kárọ́ọ̀tì, ìyàwó mi máa ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun tó bá fẹ́ yan kéèkì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú kárọ́ọ̀tì méjì sínú àpò yín. Ẹ gbé asẹ́ rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ bóyá ó ti ya, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo rọ́bà tó dí ìdí rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta asẹ́ àti rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tú u, kí ẹ sì tún un tò fúnra yín kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ lè ṣe é lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ ti kárọ́ọ̀tì yín bọ̀ ọ́. Ẹni tó tà ẹ̀kẹta fún mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo yọ kárọ́ọ̀tì jáde, ṣùgbọ́n ó tan án. Bí tiyín bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ jókòó kí iná dé, tàbí kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.