Ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń fà sẹ́yìn kí ẹ tó fi kún táímìn

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi dígírì 4 kún táímìn iná pulọ́ọ̀gì (ìyẹn bí pulọ́ọ̀gì ṣe ń tètè tanná tó kí písítìn tó dé òkè) kí agbára ẹ́ńjìnnì yín lè lé sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, lórí ọkọ̀ tèmi àti tàwọn ọ̀rẹ́. Iye tí ẹ bá kọ sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ni pulọ́ọ̀gì máa fi tanná tó bá di ojú iṣẹ́.

Láyé dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì, ibi téèyàn bá yí i sí ló ń dúró sí. Ti òde òní ní sẹ́ńsọ̀ knock tí wọ́n dè mọ́ bulọ́ọ̀kù, tó ń tẹ́tí sí bí irin ṣe ń gbọ̀n. Knock ni kí epo tó kù nínú sílíńdà gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa lu irin. Tí sílíńdà bá fẹ̀ tó mìlímítà 86, ìró knock máa ń wà ní nǹkan bíi 6 sí 7 kHz. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, kọ̀ǹpútà á fa táímìn sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, á wá máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Kíákíá ló ń fà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n fi dígírì kún fi lè lọ́ra ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí i, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Níbi tí ẹrù ò ti pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, knock ò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n táímìn ibẹ̀ sábà máa ń wà níbi tó dára jù tẹ́lẹ̀. Ẹ fi dígírì 2 kún un, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ fi kún un jù bẹ́ẹ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ti písítìn tó ṣì ń gòkè bọ̀. Ibi tí èrè wà ni ìgbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò tíì sáré púpọ̀, ibẹ̀ náà gan-an sì ni knock ń gbé.

Epo tí octane rẹ̀ (ìyẹn bó ṣe lè kọ knock tó) ga ń ṣèrànwọ́, bí kọ̀ǹpútà bá ní àyè láti lò ó. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ tèmi, ooru ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìsáré àkọ́kọ́ á dùn; nígbà tí ooru bá ti kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á gbóná, dígírì tí ẹ fi kún un á sì pòórá. Ẹ má fi ìsáré àkọ́kọ́ dájọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ pa sẹ́ńsọ̀ náà tàbí kí ẹ dín etí rẹ̀ kù. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún: etí písítìn ti jẹ, ibi tí ríìngì jókòó sí ti ṣẹ́. Ẹni tó ń wà á ò gbọ́ nǹkan kan, torí ariwo eré ti bò ó. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì turbo (tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá) tí epo ń tú tààrà sínú sílíńdà ni, ẹ tún ṣọ́ra fún epo tó ń gbiná kí pulọ́ọ̀gì tó tanná rárá. Fífa táímìn sẹ́yìn kì í wo ìyẹn.

Ẹ so ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ojú OBD-II, ihò tí wọ́n ṣe sínú ọkọ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ka táímìn, iye tí knock fà sẹ́yìn, àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Lójú pápá tí ẹlòmíì ò sí, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú jíà kẹta láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan dé òkè, kí ẹ tún un ṣe nígbà tó bá ti gbóná. Bí sílíńdà kan ṣoṣo bá ń fà sẹ́yìn, ẹ yẹ pulọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, àti bí wọ́n ṣe fún bóòtù sẹ́ńsọ̀; 20 Nm ni ti ọ̀pọ̀, ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ tiyín. Bí kò bá sí èyí tó fà sẹ́yìn, ẹ fi dígírì 1 kún un, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Octane mélòó lẹ ń rà, ṣé turbo sì wà lórí ẹ́ńjìnnì náà?